Èsì: “Ìṣàn-mímọ́ àti ìṣàn-ìdọ̀tí” – ẹ fi iṣan sílẹ̀ ní iṣan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àtòjọ ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà fi ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ó sú òun kí ọmọ Yorùbá máa fi Látìn àti Gíríìkì há ẹ̀yà ara tirẹ̀ sórí, òun sì ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú anátọ́mì (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara) àti fisiọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́). Ó káre. Ọmọ tó bá ní irú ìtara bẹ́ẹ̀, a kì í bomi pa á. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, inú bí mi, n kò sì ní fi pamọ́. “Ìṣàn-mímọ́” ló pe artery, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn. “Ìṣàn-ìdọ̀tí” ló pe vein, èyí tó ń gbé e padà bọ̀ sọ́kàn. Ó wá ní kí a fi “iṣan” sílẹ̀ fún ẹran ara tó ń sún kì tó ń nà nìkan, kí ìdàrúdàpọ̀ má baà sí. Ìdàrúdàpọ̀ gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ yẹn.

(Ti “ìmọ̀ ìgékùú” tó fi pe anátọ́mì, mi ò ní bá a jà lórí ìyẹn lónìí. Kó ṣáà lọ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kó sọ fún un pé ìgékùú lòun ń kọ́ ní yunifásítì, kó wá sọ ohun tí ìyá wí fún wa.)

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé ta ni mí: nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mo sì fẹ̀yìn tì lẹ́nu kíkọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ti di mátíróònù. Mo mọ bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí nígbà tó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé eegun 206 ló wà lára àgbàlagbà, pé yóò sì mọ orúkọ gbogbo wọn. N kò ka gírámà tó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú wa. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ tó fún ìjà yìí.

Iṣan ni ọ̀rọ̀ tí a bá nílé. Ohùn àárín lórí méjèèjì. Ó gbòòrò, òótọ́ ni. Bí aláìsàn bá ní iṣan ń fa òun, ó lè jẹ́ pajápajá ló mú un lẹ́sẹ̀, ó sì lè jẹ́ iṣan ìmọ̀lára ló ń ta á láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun ò rí iṣan, gbogbo wọ́ọ̀dù ló mọ̀ pé omi dírípù ló fẹ́ fà sí aláìsàn lára. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ní iṣan òun já, kò sẹ́ni tó máa sáré wá aṣọ tí wọn ó fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń sọ èyí tó jẹ́. Ohun tó kù fún ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ ni kó fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ìmọ̀lára, iṣan ara. Ó tán.

Àbúrò wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìṣàn, ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ìwé àjákọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí olùkọ́ bá ń pe nóòtì. “Isan” ni wọn ó kọ, kò ní sí àmì lókè, kò ní sí nísàlẹ̀. Bó bá wá di alẹ́ ọjọ́ ìdánwò, ọmọ yóò máa wo “isan inu isan”, kò ní mọ èyí tó jẹ́ ẹran àti èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ tún wo ìṣàn fúnra rẹ̀. Ì pẹ̀lú ṣàn. Ìṣe ni, kì í ṣe nǹkan. Odò ń ṣàn, ṣùgbọ́n ibi tí omi ń gbà, ojú odò la ń pè é, tàbí ipa odò. N kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣubú sínú ìṣàn. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wà o, a sì nílò rẹ̀ gidi: òun ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká. Bí ẹ bá ti wá sọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní ìṣàn, kí lẹ ó fi pe lílọ bíbọ̀ ẹ̀jẹ̀? Ìṣàn inú ìṣàn?

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Leeds ti dá mi lóhùn lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìgbálẹ̀ ńkọ́? Ìdérí ńkọ́? Pé ì yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ wọn, nǹkan sì ni wọ́n, kì í ṣe ìṣe. Ẹ̀gbọ́n, mo júbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn: gbá ní ilẹ̀ lẹ́yìn, dé ní orí lẹ́yìn. Wọ́n gba àbọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gírámà. Ṣàn kì í gba àbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, gbólóhùn parí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjókòó lẹ máa gbé wá báyìí, pé jókòó kì í gba àbọ̀, síbẹ̀ nǹkan ni ìjókòó. Ẹ gbé e wá, mo ń retí yín.

Ti ohùn àti ti ì yẹn kéré sí mi. Mímọ́ àti ìdọ̀tí ló bí mi nínú jù. Mo mọ ibi tí àbúrò wa ti rí i: nínú àwòrán ni, níbi tí wọ́n ti fi pupa kun artery, tí wọ́n fi àwọ̀ aró kun vein. Àwọ̀ aró yẹn, ìwé ló ni ín. Ẹ̀jẹ̀ inú vein pupa, ó kàn ṣú díẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ sínú ọkàn ṣì gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ́síjìn tó gbé jáde. Àwọn tó ń wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní báǹkì ẹ̀jẹ̀, inú vein la ti ń fa tiwọn. Ṣé ẹ ó sọ fún ọkọ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ inú ìṣàn-ìdọ̀tí ẹlòmíì lẹ fẹ́ fà sí ìyàwó rẹ̀ lára? Kó fọwọ́ sí ìwé?

Àti pé “ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí” ti ní olówó tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ta àgbo nínú bọ́ọ̀sì ló ni ín. Kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Ọjọ́ta ni wọ́n ti ń sọ ọ́: ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀yìn ríro. Iye ìgbà tí mo ti bá aláìsàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ẹ wá fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa tinú kíláàsì gbé e jáde.

Ká tiẹ̀ ní a gbà bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dé ibi ẹ̀dọ̀fóró, yóò sì ṣubú lulẹ̀. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn. Apá ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba ọ́síjìn. Apá òsì ń ti èyí tó ti gbà á káàkiri ara. Iṣan tó jáde ní apá ọ̀tún yẹn, artery ni, nítorí pé láti ọkàn ló ti ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dín kù ló sì gbé. Èyí tó ti gba ọ́síjìn tán ní ẹ̀dọ̀fóró, vein ló ń gbé e padà sọ́kàn. Nínú èdè àbúrò wa, ìṣàn-mímọ́ ló wá ń ru ìdọ̀tí, ìṣàn-ìdọ̀tí ló ń ru mímọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn olùṣètò ìdánwò sì fẹ́ràn láti máa dẹ pakuté sí.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí inú wa ti mọ ibi tí mò ń lọ. Bí a bá gé ìwọ́ ọmọ tán, a máa ń wo ojú ibi tí a gé. Ara rẹ̀ funfun, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Ihò mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀kan fẹ̀, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀. Méjì kéré, ògiri wọn nípọn, wọ́n le, wọ́n sì máa ń yọrí díẹ̀. Èyí tó fẹ̀ ni vein: òun ló ń gbé oúnjẹ àti ọ́síjìn láti ara ibi ọmọ wá fún un. Àwọn méjì yẹn ni artery, tí wọ́n ń gbé ohun tí ọmọ ti lò tán padà sára ibi. Bó bá jẹ́ ihò méjì péré la rí, a ó kọ ọ́ sínú fáìlì, a ó sì ní kí dókítà yẹ ọmọ náà wò látòkè délẹ̀. Ohun tó ń bọ́ ọmọ láti inú oyún lẹ fẹ́ pè ní ìṣàn-ìdọ̀tí yìí o. Ìyá mi àgbà, tó gbẹ̀bí títí ojú fi di bàìbàì, ìbá ti fa etí ẹni.

Iṣan àlọ, iṣan àbọ̀. N kò dá a; mo bá a lẹ́nu àwọn tó kọ́ wa. Èyí tó ń ti ọkàn lọ, àlọ. Èyí tó ń bọ̀ sọ́kàn, àbọ̀. Ó dé ẹ̀dọ̀fóró, kò yẹ̀. Ó dé ìwọ́ ọmọ, kò yẹ̀. Kò bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ mọ́ tàbí kò mọ́. Ẹni tó bá sì gbọ́ ìtàn ìjàpá àti àna rẹ̀ rí kò ní ṣi àlọ mú fún àbọ̀ láé. Ẹnìkan ti kọ̀wé pé èmi náà ń gbé ọ̀rọ̀ lé àmì ohùn, pé kí ni yóò ya àlọ kúrò lára àlọ́. Ẹni tó bá gbọ́ “iṣan” tán tó tún dúró kí wọ́n pa àlọ́ fún òun, kó padà sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní Houston gbèjà àbúrò. Wọ́n ní artery fúnra rẹ̀, àṣìṣe ni: pé àwọn Gíríìkì gé òkú, wọ́n bá a lófìfo, wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gba inú rẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn di òní. Nítorí náà orúkọ kò ní láti jóòótọ́ kó tó wúlò. Òótọ́ ni ìtàn yẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n. Galen, dókítà Gíríìkì kan, ló fi hàn wọ́n ní ọ̀rúndún kejì pé ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó sì di 1628 kí Harvey, dókítà ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó tẹ ìwé jáde pé ńṣe lẹ̀jẹ̀ ń yí ká. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó mọ̀ ni. Àwa ti mọ̀ kí á tó dẹ́nu lé orúkọ. Kí ló kàn wá pẹ̀lú kíkó àṣìṣe tuntun lé tàwọn Gíríìkì?

Ẹni tó ní òfìfo ni gbogbo eléyìí nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, kó lọ béèrè ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe ní Ifẹ̀ láti 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sẹ́gbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò ní padà sórí ìyẹn mọ́.

Kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ dúró ti alápatà. Ẹ̀dọ̀, fùkù, ọkàn, ìfun, ṣàkì, gbogbo rẹ̀ ló mọ̀ lórúkọ. Ó mọ òróòro, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ kó má bẹ́ sára ẹ̀dọ̀. Àwọn tó ń to eegun náà wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo nípa oríkèé, ẹ ó gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ kankan. Èyí tí kò bá sí lẹ́nu wọn la ó wá dá.

Ìyẹn ló mú mi dé orí kíndìnrín. Bàbá wa láti Abẹ́òkúta ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá ni, pé iwe ni Yorùbá rẹ̀, wọ́n sì fi Ẹ́kísódù orí 29 lé e, níbi tí Bíbélì àtijọ́ ti pe “iwe méjèèjì” pẹ̀lú ọ̀rá tó wà lára wọn. Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ́jà lónìí kí ẹ béèrè iwe, iwe adìyẹ ni wọn ó wọ̀n fún yín. Bí mo bá wá sọ fún aláìsàn pé iwe rẹ̀ ń ṣe é, ojú wo ni yóò fi wò mí? Wọ́n ní mo ń ba èdè jẹ́. Àwọn ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan wà ńlẹ̀ tí n kò ní fò dá. Dókítà kan láàárín wa bi mí nípa iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ láti ìfun lọ sínú ẹ̀dọ̀. Vein ni wọ́n pè é, kò sì dé ọkàn. Inú ẹ̀dọ̀ ló tún ti fọ́nká sí tín-ín-tìn-ìn-tín. Ṣé àbọ̀ ni? Èmi ní àbọ̀ ni, ó kàn yà sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀ kí wọ́n bá a yẹ ẹrù rẹ̀ wò ni. Ó ní ẹni tó yà lọ́nà kò tíì bọ̀. Ẹlòmíràn ní ká pè é ní “iṣan ẹnu-ọ̀nà” nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Látìn wí. Ẹnu-ọ̀nà ibo? “Iṣan àbọ̀ ẹ̀dọ̀” ì bá dùn, àmọ́ ó ti ní olówó: èyí tó ń jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀ lọ sọ́kàn ló ni ín. Ẹni tó bá ní orúkọ fún un kó gbé e wá. Kó ṣáà má fi ìṣàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.