Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́ kí àbúrò mi padà sí Mushin?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ló gbé mi dé ibí. Ọmọ ọdún 19 ni, èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tí màmá wa ti kú. Nígbà tó pé 16, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ àdúgbò kan ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbálẹ̀, mo bá ìwé tẹ́tẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó kún inú ọ̀rá búrẹ́dì. Owó gáàsì wa ló fi ń ta á.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa ní Ìṣẹ́yìn kó lọ kọ́ aṣọ òfì híhun. Nígbà tí mo lọ wò ó lóṣù kẹta, mo bá a níbi tó ti ń tú aṣọ ẹtù tó ti ń hun láti àárọ̀, torí pé etí aṣọ náà wọ́. Bàbá náà ò pariwo. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń bá a ká òwú náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, omijé bọ́ lójú mi. Èmi ò jókòó tì í bẹ́ẹ̀ rí. Ọjà ni mo máa ń wà.

Oṣù tó kọjá ló ṣe fíríìdọ̀mù. Ó ní Èkó lòun fẹ́ padà sí, pé ibẹ̀ ni aṣọ ẹbí ti ń tà. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́ náà ti ń pè é. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá Ìbejì: Má dán an wò, àbúrò mi! Àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Kó dúró sí Ìṣẹ́yìn, kó máa fi aṣọ ránṣẹ́, kí o máa bá a tà á.

Bàbá Ọlọ́kọ̀: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ọmọ ọdún 19 kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ ló kọ́ mi ní igbó mímu ní gáréèjì. Ọ̀rẹ́ ló sì tún yọ mí. Aago 5 àárọ̀ ló máa ń kan ilẹ̀kùn mi, á ní ká lọ kó èrò. Ọdún 2 gbáko! Tí kò bá wá, mi ò ní dìde. Ẹ bi ọmọ yẹn: ta ni yóò máa kan ilẹ̀kùn ẹ̀ ní Mushin?

Olùkọ́ Abẹ́òkúta: Àǹtí, ẹ sáré kọjá lórí ohun tó ṣe pàtàkì jù, pé ẹ ò jókòó tì í. Mi ò dá yín lẹ́bi o, ta ni ìbá bọ́ yín? Àmọ́ mo máa ń rí i ní kíláàsì: bí mo bá gbé ọmọ kan lọ ti ẹni tí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dáa, kí táàmù tó parí, lẹ́tà wọn á ti máa jọra. Mi ò sì kọ́ ọ.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra, òótọ́ sì ni. Mo pè é lálẹ́ àná, mo bi í ní ìbéèrè Bàbá Ọlọ́kọ̀. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, àǹtí mi?" Mo ti pinnu pé aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni n óò máa ti ṣọ́ọ̀bù. Lọ́la, n óò bá lanlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ nípa àgbàlá ẹ̀yìn, torí òwú òfì tí wọ́n ń nà sílẹ̀ gùn gan-an, yàrá ò lè gbà á.