Ẹ ràn mí lọ́wọ́: mo fẹ́ fi bakitéríà yọ òjé kúrò nínú omi kànga

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù lágbègbè Iléṣà ni kànga wa wà. Àyẹ̀wò fi hàn pé òjé inú omi náà jẹ́ mílígíráàmù 0.06 nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ 0.01 ni òdiwọ̀n WHO, àjọ ìlera àgbáyé. Àwọn ọmọ ti mu ún fún ọdún púpọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí oorun kùn mí. Píọ̀ wọ́tà la ń rà báyìí.

Mo wá gbìyànjú àwọn bakitéríà tí kì í fẹ́ atẹ́gùn, àwọn tó máa ń sọ súlífétì (irú iyọ̀ kan tó máa ń wà nínú omi) di gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Gáàsì yẹn ló ń gbá òjé mú, tí yóò fi di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú nísàlẹ̀. Mo kó ìgbẹ́ màlúù àti lẹ́búlẹ́bú pákó sínú dúrọ́ọ̀mù, mo rọ omi sí i, mo dé e pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ó ń rùn lóòótọ́, àmọ́ òjé ò kúrò lórí 0.03.

Ṣé súlífétì ló kéré ni, àbí omi náà kan jù fún wọn? Níbo ni kí n kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sí? Torí bí atẹ́gùn bá kàn án, òjé lè tún yòrò padà. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.