Omi kì í gbẹ nínú àgbàlá alámọ̀: ṣé ká tẹ́ koríko oníke lé e?

Ọmọ Òròkí
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àgbàlá ẹ̀yìn ilé kan nìyí ní Òṣogbo níbí. Mítà 8 ni gígùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mítà 6 láti ara ilé dé fẹ́ǹsì. Amọ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ibẹ̀ náà sì ni omi òrùlé ń dà sí. Òṣìṣẹ́ kan ní ká da iyanrìn ṣáápù sí i ní íǹṣì 4, ká tẹ́ koríko oníke lé e, ó parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi kówó má bàa wọgbó.

Bàbá Bíríkìlà
Rárá o. Koríko oníke kì í fa omi. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kàn ń jẹ́ kí omi kọjá ni. Ohun tó wà lábẹ́ ló máa pinnu ibi tí omi ń lọ. Iyanrìn lórí amọ̀ dà bí gààrí nínú àwo: omi á rin ín gbingbin, kò sì ríbi jáde. Ẹsẹ̀ á máa rì, amọ̀ á máa gòkè wọnú iyanrìn, ojú koríko á wá rí gbágungbàgun.

Ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn ní sẹ̀ntímítà 30, kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pọn omi kún un, kó fà tán, ẹ tún un pọn kún, kí ẹ wá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí omi kò bá fi sẹ̀ntímítà 1 lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan, ẹ gbàgbé pé ilẹ̀ á fà á. Páìpù onihò tí ẹ bá rì mọ́lẹ̀ ló máa gbé e jáde.

Omi òrùlé ló sì le jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Òrùlé tó jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sí i, lítà 5,000 ló ń dà sílẹ̀ yẹn. Ẹ fún un ní páìpù tirẹ̀ tí kò nihò lára. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ páìpù onihò, torí yóò máa tu omi padà sábẹ́ koríko.

Agbẹ́lẹ̀ Ìlú Aró
Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Iṣẹ́ ibẹ̀ rèé:

Ẹ gbẹ́ gbogbo ojú ilẹ̀ sílẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 13, kí amọ̀ náà fúnra rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ láti ara ilé lọ sí fẹ́ǹsì: sẹ̀ntímítà 1.5 fún mítà kan, ìyẹn 9 lápapọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣìṣe nìyí. Wọ́n á jẹ́ kí òkúta dà gẹ̀rẹ́, wọ́n á fi kòtò sílẹ̀ nínú amọ̀ lábẹ́ rẹ̀, omi á sì lúgọ síbẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ẹ la kòtò tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 30, kó jìn ní 30 níbẹ̀rẹ̀, 38 níparí. Ẹ tẹ́ aṣọ geotextile, ìyẹn aṣọ tó ń jẹ́ komi kọjá àmọ́ tí kì í jẹ́ kí amọ̀ gòkè, sí gbogbo rẹ̀, kí ojú aṣọ kan fi 30 gun orí èkejì. Ẹ má fi ọ̀rá pààrọ̀ rẹ̀ o, ọ̀rá kì í jẹ́ komi kọjá. Òkúta sẹ̀ntímítà 5 lábẹ́, páìpù onihò íǹṣì 4 lórí rẹ̀, kí ihò kọjú sísàlẹ̀, kí ẹ wá fi òkúta kún un. Lẹ́yìn náà, gíránáìtì sẹ̀ntímítà 10 sórí gbogbo ilẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ kì í mọ́lẹ̀ ní ìpele méjì. Tọ́ọ̀nù 10 á tó o, kòtò wà nínú rẹ̀. Stone dust (ìyẹ̀fun òkúta) sẹ̀ntímítà 3 ló kẹ́yìn.

Bàbá Bíríkìlà
Ibi stone dust yẹn nìkan ni mi ò ti bá yín lọ. Tí ẹ bá kì í mọ́lẹ̀ tán, ó ń le, omi kì í tètè kọjá lára rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò ló dáa jù fún òjò tiwa.

Ọmọ Òròkí
Ẹ ṣeun gan-an. Páìpù yẹn ńkọ́, níbo ló ń dà sí? Ṣé ká gbẹ́ kòtò soakaway, tí omi á ti máa fà wọlẹ̀, sí kọ̀rọ̀ kan?

Agbẹ́lẹ̀ Ìlú Aró
Nínú amọ̀ kẹ̀? Òjò kan ló máa kún, kò ní fà mọ́. Ẹ lu fẹ́ǹsì nísàlẹ̀, kí páìpù jáde sí gọ́tà àdúgbò, kì í ṣe sínú ilẹ̀ aládùúgbò. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin dí ẹnu rẹ̀ nítorí eku.

Ṣùgbọ́n kí díígà tó wọlẹ̀, ẹ fi rọ́bà olómi wọn gíga gọ́tà. Ìsàlẹ̀ páìpù á fi bíi sẹ̀ntímítà 55 rẹlẹ̀ ju ojú koríko lára ilé. Bí ìsàlẹ̀ gọ́tà bá ga ju ibẹ̀ lọ, ẹ dín ilẹ̀ gbígbẹ́ kù, kí ẹ gbé àgbàlá sókè. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú koríko súnmọ́ ìpele tó ń dá ọ̀rinrin dúró lára ògiri ju sẹ̀ntímítà 15 lọ.

Alákápẹ́ẹ̀tì
Ẹ̀yin, ẹ béèrè koríko tó nihò lẹ́yìn, torí àwọn kan ò ní. Bó bá fẹ̀ ní mítà 2, ege mẹ́ta olómítà 8 ló gbà; kí irun gbogbo wọn kọjú síbi kan náà. Ẹ gé etí rẹ̀ kúrò kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, kí gọ́ọ̀mù sì gbẹ pátápátá kí òjò tó kàn án. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni kí ẹ ṣe é. Amọ̀ tó rin kò ṣe é kì, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ló ń dà. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ọ̀sán ń kọlù máa gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé, ẹ wọ́n omi sí i kí wọ́n tó ṣeré níbẹ̀.