“Ìṣètò ẹ̀rọ” kò bá iṣẹ́ PLC mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá “ìṣètò ẹ̀rọ” fún hardware configuration (sísọ ẹ̀yà tó wà lára ẹ̀rọ fún un) ti PLC, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, tí wọ́n tún mú “ìfìdímúlẹ̀” wá fún àyẹ̀wò tó ń tẹ̀lé e, mo júbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, n kò lè fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Odogunyan, ní Ìkòròdú níbí.

Ètò ni a ti ń pe program. Bí mo bá ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ ṣe ìṣètò, bí mọ́tò yóò ṣe máa yí àti ìgbà tí páǹpù yóò kú ni yóò jókòó tì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ wo S7-300, PLC kan ti ilé iṣẹ́ Siemens, tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ń jókòó ní ipò-ipò lórí irin gbọọrọ. Ipò 1 ni ti ẹ̀yà tó ń fún un ní iná 24 V, ipò 2 ni ti CPU tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, ipò 3 ni ti ẹ̀yà tó ń so irin kan mọ́ òmíràn, àwọn ẹ̀yà yòókù, tí à ń pè ní káàdì, sì ń bẹ láti ipò 4 dé 11. Bí irin bá jẹ́ ẹyọ kan péré, a kì í ra ẹ̀yà ipò 3 rárá. Káàdì àkọ́kọ́ á fara ti CPU, kò sí àlàfo kankan láàárín wọn. Síbẹ̀, nínú ohun tí à ń kọ sórí kọ̀ǹpútà fún CPU, ipò 3 gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹni tó bá ń ṣètò ohun tó fojú rí, ibẹ̀ ni yóò fẹ́ fi káàdì rẹ̀ sí, sọ́fítíwià kò sì ní gbà fún un.

Ṣé ẹ rí i, a kò to nǹkan kan. À ń sọ fún CPU irú ẹ̀yà tó wà lára rẹ̀, àdírẹ́sì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, àti bí yóò ṣe máa lò ó. Ìdí nìyí tí mo fi mú “àkọsílẹ̀ ẹ̀yà ẹ̀rọ” wá. Ẹnìkan dábàá “ìtò ẹ̀yà”. Ó kúrú, ó dùn ún pè, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àmì lórí fóònù rẹ̀ yóò kọ ọ́ bákan náà pẹ̀lú ìtọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀. Lóòótọ́, “àkọsílẹ̀” gbòòrò, ilé ìwòsàn ń lò ó, báńkì ń lò ó, àmọ́ “ẹ̀yà ẹ̀rọ” tó tẹ̀lé e ti so ó mọ́lẹ̀.

“Ìfìdímúlẹ̀” ńkọ́? Àbájáde ló dárúkọ, kò dárúkọ iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà sì pé méjì. Ìfiwéra ni àkọ́kọ́: nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára káàdì, bíi 6ES7 321-1BH02-0AA0, gbọ́dọ̀ bá ti inú àkọsílẹ̀ mu. Bí wọ́n bá yàtọ̀, iná pupa SF, tó ń kéde àṣìṣe, lè tàn lójú CPU. Ìdánwò ni èkejì, òun sì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fò. Nọ́ńbà lè bára mu délẹ̀délẹ̀, kó jẹ́ pé 0–10 V ni a kọ sínú àkọsílẹ̀ fún ibi tí wáyà sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń wọn nǹkan) tó ń fi iná 4–20 mA ránṣẹ́ wọlé sí. Ìfiwéra nọ́ńbà kò lè rí ìyẹn. Àfi kí ènìyàn fi 12 mA sí i, kó wò ó bóyá 13824 ni CPU yóò kà, ìyẹn ìdajì 27648 tó máa ń kà fún 20 mA, nítorí 12 ló wà ní àárín gbùngbùn 4 àti 20. Bí a bá kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ “ìfìdímúlẹ̀”, ọmọ iṣẹ́ á ṣe ti àkọ́kọ́, á ní òun ti parí.

Ọ̀kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. “Ìgbàsílẹ̀” ni a ń pe download, ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ tiwa, láti kọ̀ǹpútà ni download ti ń lọ sínú CPU. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò gba nǹkan kan, ó ń fi ránṣẹ́ ni. “Ìfisínú” ni mo ń lò fún un báyìí. Kí lẹ rí sí i?