Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá òtútù, kí lojú yín ti rí lórí mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, nínú ẹja odò?

Olódò Kenora: Ẹ kú ilé o. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fún mi ní ẹja pike ńlá kan tó pa lábẹ́ yìnyín, ló bá tún ní kí ìyàwó mi tó lóyún má fẹnu kàn án o, pé mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀. Ta ló ti bá irú ẹ̀ pàdé?

Baba Èjìrẹ́: Pike kẹ̀! Ẹja tí eegun ẹ̀ ya ẹ̀ka méjì-méjì nínú ẹran. Mo fi se pẹpẹsúpù, ó há ọmọ mi lọ́fun, òru la gbé e dé ẹmájẹ́ńsì. Mẹ́kúrì kọ́ ló máa pa mí, eegun ni.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ má bínú tèmi máa gùn. Mo ti tọ́jú àwọn arúgbó lápá Kenora yẹn, ní Ontario ní Canada, bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, láyé ọjọ́un òun ló máa ń mú àwọn òyìnbó tó wá ṣe fàájì lọ pẹja lódò Wabigoon, wọ́n á pa ẹja walleye, wọ́n á dín in létí odò níbẹ̀ wọ́n á jọ jẹ ẹ́. Òyìnbó jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ó gba ilé ẹ̀ lọ, bàbá ń jẹ ẹ́ látìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí yìnyín á fi padà dé. Bẹ́ẹ̀ láti 1962 sí 1970 ilé iṣẹ́ kan ní Dryden ń da mẹ́kúrì sódò yẹn, tọ́ọ̀nù bíi 9, ó sì ń ṣàn lọ bá àwọn ará Grassy Narrows, abúlé àwọn ọmọ onílẹ̀. Bàbá ò lè de bọ́tìnnì ara ẹ̀. Tó o bá gbé tíì síwájú ẹ̀ gan-an á rí i, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kò rí i mọ́. Ó ní nígbà yẹn táwọn bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọtí làwọn èèyàn máa ń sọ pé àwọn mu.

Ṣèyí: Ọtí?? Háà.

Kúnlé T-Bay: Àǹtí, ẹ rọra máa sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn o, wọn ò gbọdọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni?

Kúnlé T-Bay: Rárá mà, mo kàn ń sọ ni. Irú ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ ní Minamata ní Japan, 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn náà, kódà dókítà láti Japan wá wo àwọn ará Grassy Narrows ní 1975.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ìbẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Ẹja ọ̀sà la jẹ dàgbà, ta ló kú? Ẹ yan án kó gbẹ dáadáa, iná á pa á.

Dàpọ̀: Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, iná kì í pa mẹ́kúrì. Inú ẹran ẹja ló wà, kì í ṣe inú ọ̀rá tẹ́ ẹ máa gé dànù. Tẹ́ ẹ bá yan án, omi ló ń lọ, mẹ́kúrì ò lọ síbì kankan, bí ègé náà ṣe ń kéré, á wá ki sí i nínú ẹ̀. Àwọn kòkòrò tójú ò lè rí nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló ń sọ ọ́ di èyí tó burú, ẹja wẹ́wẹ́ á kó o jẹ, ẹja ńlá á jẹ ẹja wẹ́wẹ́, gbogbo gbèsè ẹ̀ á wá dé orí pike. Ẹja odò tútù kì í sì í yára dàgbà, èyí tó bá ti tóbi ti ń kó o jọ tipẹ́. @Olódò, ìjọba Ontario ní ìwé tó ń sọ adágún kọ̀ọ̀kan, irú ẹja àti bó ṣe gùn tó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọpọlọ ọmọ inú ni mẹ́kúrì ń bà jẹ́, ìyá ẹ̀ lè má mọ nǹkan kan lára.

Ìyá Anchorage: Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Alaska, lódò Kuskokwim. Wọ́n ní kí aláboyún dín ẹja pike àti ẹja burbot kù, kó máa jẹ salmon, torí òkun ni salmon ti ń sanra wá. Ibi tí wọ́n ti ń wa mẹ́kúrì láyé àtijọ́ wà létí odò yẹn, Red Devil lorúkọ ẹ̀.

Baba Èjìrẹ́: Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ báyìí, ẹ tún lọ pẹja níbẹ̀.

Ṣèyí: Ẹ ń sá fún pike, ṣé ẹ ti ka ẹ̀yìn kírímù tẹ́ ẹ fi ń bóra? Mẹ́kúrì wà nínú òmíì o.

Ìyá Ìbejì: Ta lò ń bá wí?

Ṣèyí: Ẹni tójú ẹ̀ pupa tí oríkèé ọwọ́ ẹ̀ dúdú.

Ìyá Ìbejì: 😂 Ọlọ́run ń wò ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹja là ń sọ!

Olódò Kenora: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, ìyàwó mi ní Títúsì ńkọ́?

Dàpọ̀: Kó jẹ ẹ́, mẹ́kúrì inú ẹ̀ kéré. Ẹja king mackerel ni kó fi sílẹ̀, mackerel ni wọ́n ń pe Títúsì náà, àmọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, mẹ́kúrì pọ̀ nínú ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ ṣáà padà sídìí Títúsì.

Baba Èjìrẹ́: Èló ni páálí ẹ̀ ní Winnipeg báyìí? Ẹni tó tà fún mi lóṣù tó kọjá, ìdajì páálí, yìnyín ni.