Ibà ti lọ tipẹ́, iṣan ọkàn ló kù

Ẹ káalẹ́ o. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe Kawasaki sí mi létí, ọ̀kadà ni mo rò pé wọ́n ń sọ, àṣé àìsàn ọmọdé ni, dókítà kan ní Japan tó kọ nípa ẹ̀ ní 1967 ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún méjì lọmọ mi, Ìbàdàn la wà. Ara ẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, wọ́n fún un lóògùn ibà, kò gbọ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kò gbọ́. Ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹni ata ta sójú àmọ́ kò sí ipin kankan, ètè ẹ̀ là, ahọ́n pupa yòò. Màámi ní èéyi ni, dókítà náà ní èéyi ni, èmi ti sáré ra kálámáìnì. Ara ẹ̀ wá balẹ̀ fúnra ẹ̀, ìgbà yẹn ni awọ orí ìka ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti ìdí èékánná bí èèpo àlùbọ́sà, mo ń fi òrí pa á.

A ti dé London, ó ti pé méje, kó tó ní àyà ń dun òun tóun bá gbá bọ́ọ̀lù. Obìnrin tó ń ṣe echo fún un, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ọkàn, ń bá a ṣeré, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì, ó wọn ojú ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ló wú bí ikùn ejò tó gbé eku mì. Wọ́n ní IVIG, èròjà tó ń gbógun ti àìsàn tí wọ́n yọ látinú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì, ló yẹ kí wọ́n fà sí i lára kí ọjọ́ 10 ibà ẹ̀ tó pé, tí wọ́n bá fà á, bí ọmọ 4 nínú 100 ni tiwọn ń wú, tí wọn ò bá fà á, bí 1 nínú 4. Ọjọ́ 9 lèmi fi ń pa kálámáìnì.

Ṣé ẹnì kan wà níbí tí tiẹ̀ ti dàgbà?

—

Mummy, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má dára yín lẹ́bi. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Kawasaki ṣe èmi náà, ibi tó wú lára iṣan tèmi ju milimítà 8 lọ, giant ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo pé 18 mo pa kíníìkì tì, ṣebí ara mi le kokooko. Mo wà ní 29 ni mo gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, àyà mi fún pinpin bí ẹni fokùn dì í. Ibi tó wú yẹn ti le bí ẹfun, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, pẹ̀lú asipirín ni mo ń lò báyìí. Ẹ̀fọ́ ló wá ń dà mí láàmú torí ó máa ń dín agbára warfarin kù, wọ́n ní kí n máa jẹ ẹ́ àmọ́ kí iye ẹ̀ má máa yí, ìyàwó mi sì rèé, ẹ̀fọ́ rírò lọ́jọ́ mẹ́ta léra, lẹ́yìn náà odidi ọ̀sẹ̀ ilá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo warfarin, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?