"Error" kì í ṣe àṣìṣe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àbá yín lórí bá a ṣe máa pe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, pé ká máa pe warning ní ìkìlọ̀, ká máa pe error ní àṣìṣe. Ìkìlọ̀ yẹn dáa, mi ò bá yín jiyàn. Àṣìṣe yẹn ni ò wọ̀ mí létí, ohun tójú wa rí níbi iṣẹ́ ní Yábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sì jẹ́ kó yé mi.

A kúrò lórí ẹ̀dà 13 GCC, ìyẹn kọ̀ǹpáílà tó ń sọ kóòdù èdè C di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé lórí, a bọ́ sórí ẹ̀dà 14. Kóòdù tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, tẹ́nì kankan ò fọwọ́ kàn, ló bá gbé pupa jáde: "error: implicit declaration of function 'ka_owo'". Function (àkójọ àṣẹ tá a fún lórúkọ) ni ka_owo, inú fáìlì míì ló wà, a ò kéde ẹ̀, ìyẹn ni pé a ò sọ irú ohun tó ń dá padà, níbi tá a ti ń pè é. 13 máa ń kìlọ̀ ni, á sì ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí i, àṣìṣe kan náà ni, àwa la ṣe é, ọjọ́ sì ti pẹ́ tá a ti ṣe é. Látinú C99, òfin èdè C tọdún 1999, ni wọ́n ti yọ irú ẹ̀ kúrò, kọ̀ǹpáílà ló kàn ń gbójú fò ó, á gbà pé int (odidi nọ́ńbà) ni function yẹn máa dá padà, tó bá wá lọ jẹ́ pé pointer (àdírẹ́sì ibì kan nínú mẹ́mọ́rì) ni, lórí ẹ̀rọ 64-bit ìdajì àdírẹ́sì lè já dànù kẹ́ ẹ tó mọ̀. Àṣìṣe wa ò yí padà, kọ̀ǹpáílà ló kọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní ìkọ̀jálẹ̀. Kọndọ́ Ojúẹlẹ́gba tó ń pariwo "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o", ìkìlọ̀ ló ń ṣe, ẹ ṣì lè wọlé. Èyí tó na ọwọ́ dí ẹnu ọkọ̀ tó lóun ò gbé yín, ìyẹn ti kọ̀ jálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náírà 1,000 kan náà ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ká má gé e kúrú sí ìkọ̀ o, ọ̀pọ̀ wa kì í tẹ àmì ohùn lórí fóònù, ẹni tó bá rí "iko" á rò pé ikọ́ àwúbì ni, tàbí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù.

Ti kọ̀ǹpáílà tẹ́ ẹ pè ní atúmọ̀-èdè, díkíṣọ́nárì ti gba orúkọ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpáílà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní ká fi -fpermissive, àṣẹ tó ń ní kí GCC má le jù, sí i. Òótọ́ ni, ìkọ̀jálẹ̀ á padà di ìkìlọ̀, àmọ́ àṣìṣe á ṣì wà níbi tó wà. A kéde ka_owo sínú header, ìyẹn fáìlì tá a ń kó ìkéde sí, 14 sì gbà á.